Tẹ́ẹ̀pù LED kò jẹ̀bi: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì lórí iná àpótí ẹja

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ní àpótí ẹja onígíláàsì kan ní pálọ̀ wa ní Kubwa. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, fífẹ̀ rẹ̀ 40, gíga rẹ̀ 45. Iná tí wọ́n tà mọ́ ọn jóná, ni oníná wa bá lẹ tẹ́ẹ̀pù LED mọ́ abẹ́ ìdérí onípákó rẹ̀. Ó fa wáyà rẹ̀ láti ara ọ̀kan nínú bátìrì inverter méjèèjì, kí ó má baà kú bí NEPA bá mú iná lọ. Láàárín oṣù mẹ́rin, tẹ́ẹ̀pù méjì ló ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Apá kan á mọ́lẹ̀ rekete, apá kejì á ṣe bàìbàì, gbogbo rẹ̀ á wá pọ́n bí ìyeyè. Ewéko inú omi ń kú, ohun kan tó ń yọ̀, tó láwọ̀ ewé, sì ń bo gíláàsì. Àtàárọ̀ di ìgbà tí a bá fẹ́ sùn ni iná náà máa ń wà ní títàn nítorí àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe èyí tó máa tọ́jọ́? Àwọn ìbejì tún ní kí n bá àwọn béèrè bóyá ẹja máa ń sùn.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ lè ṣe é, kò sì dìgbà tí ẹ bá di ẹnjiníà. Àmọ́ kí ẹ tó ra tẹ́ẹ̀pù kẹta, ẹ jẹ́ kí n gbèjà méjì tó ti kú. Wọn ò jẹ̀bi. Ohun tó pa wọ́n wà nínú gbólóhùn kan tí ẹ sọ kọjá bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: pé oníná yín fa wáyà láti ara ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì. Bí a kò bá tún ibẹ̀ yẹn ṣe, tẹ́ẹ̀pù tó dára jù lọ ní gbogbo Abuja kò ní pẹ́ tí yóò fi tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ mú èyí tó jóná yẹn, kí ẹ wò ó dáadáa. LED, ìyẹn àwọn gílóòbù wínníwínní ara rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n tò pọ̀, pẹ̀lú rẹsísítọ̀ dúdú kékeré kan láàárín wọn, èyí tó ń dín iná tó ń kọjá kù. Lára ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti tú, 151 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn òómù 150. LED funfun kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi fóòtì 3 (fóòtì ni ìwọ̀n ipá tó ń ti iná), mẹ́ta di 9. Bí ẹ bá fún un ní fóòtì 12, fóòtì 3 tó ṣẹ́kù di ẹrù rẹsísítọ̀. Ẹ pín 3 sí ọ̀nà 150, ámpù 0.02 ni ẹ ó rí, ìyẹn milíámpù 20, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn kọjá. Orí 20 yẹn ni àwọn tó ṣe tẹ́ẹ̀pù gbé gbogbo ìṣirò wọn lé. Ṣùgbọ́n bátìrì tí a ń pè ní fóòtì 12 kì í dúró sórí 12. Tí NEPA bá ti gbé iná dé, tí inverter bẹ̀rẹ̀ sí í kó iná sínú rẹ̀, ó lè gòkè dé 14.4. LED kì í gbà ju díẹ̀ lọ nínú àlékún yẹn, rẹsísítọ̀ ló ń gbé ìyókù. Milíámpù 20 á di bíi 33, ooru tó ń jáde lára rẹsísítọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wá lẹ ìyẹn mọ́ pákó tí kì í gbé ooru lọ síbì kankan, lókè omi, nínú oṣù kẹta ní Abuja. Kí ni kò ní pa á?

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé bí iná bá ṣe ń dúró tó ládùúgbò ẹni, bẹ́ẹ̀ ni irú tẹ́ẹ̀pù bẹ́ẹ̀ ṣe ń yára kú. Ẹni tó bá wà ní Band A, tí ó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, bátìrì rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ṣájà. Ẹni tí wọn kì í fún ní iná ni tirẹ̀ máa ń pẹ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì burú jù, nítorí bátìrì wọ́n ju tẹ́ẹ̀pù lọ. Tí bátìrì bá jẹ́ méjì, ó sábà máa ń jẹ́ pé inverter fóòtì 24 ni, wọ́n sì so àwọn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. (Ẹ wo ara inverter náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.) Ṣájà kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n, àpapọ̀ wọn nìkan ló ń wò. Nígbà tí ẹ bá wá ń fa iná lára ẹyọ kan lójoojúmọ́, ebi á máa pa ìyẹn, èkejì á sì máa jẹ àjẹjù títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù: ohun tí a bá ṣe fún Táyé, a ó ṣe é fún Kẹ́hìndé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ kò dárúkọ fíùsì kankan. Mo gbà pé kò sí. Bátìrì inverter lágbára débi pé bí wáyà méjì yẹn bá fara kanra, róbà ara wọn á yọ́, á sì gbiná kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀. Fíùsì ámpù 5 kan, tí a fi sí orí wáyà pupa nítòsí bátìrì, ni ohun tó kéré jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Òun náà ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbàgbé.

Ó dáa, bí a ṣe máa ṣe é nìyí. Wáyà méjì máa jáde láti etí àwọn bátìrì, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ òdì ti àkọ́kọ́, èkejì láti ẹ̀gbẹ́ pupa ti ìkejì, kí iná náà jẹ́ 24, kí ó sì ti ara àwọn méjèèjì wá lọ́gbọọgba. Ẹ jẹ́ kí oníná ṣe ibi bátìrì yẹn, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Wáyà yẹn á lọ títí dé ẹ̀yìn àpótí ẹja, níbẹ̀ ni ẹ ó ti fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní step-down sí i, èyí tó ń sọ 24 di 12. Ẹ̀yìn àpótí ni mo wí o, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Bí iná bá jẹ́ 24 nínú wáyà, ìdajì ámpù ló máa rìn, àdánù ojú ọ̀nà á sì kéré. Ohunkóhun tó bá sì sọnù, step-down á tún un ṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tẹ́ẹ̀pù. Wáyà mìlímítà 1.5 tí wọ́n fi ń ṣe gílóòbù ilé ti tó.

Ní ti step-down yẹn, ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ na èyí tó kéré jù sí yín, tí ẹ̀yà LM2596 wà lórí rẹ̀. Ámpù 3 ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n tó bá ti fi ìgbà pípẹ́ kọjá 2, ó máa ń gbóná bí orí ààrò. Ẹ béèrè fún XL4015, ti ámpù 5. Ó ń gba iná tó tó fóòtì 36 lẹ́nu, bátìrì méjì tó wà lórí ṣájà kò sì ní kọjá bíi 29, nítorí náà ààyè wà. Nọ́ọ̀tì kékeré aláwọ̀ idẹ wà lórí rẹ̀ tí a máa ń fi skrúdíráífà yí. Ẹ má tíì so tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn. Ẹ fi mítà tí oníná fi ń wọn fóòtì sẹ́nu ibi tí iná ń gbà jáde, kí ẹ máa yí nọ́ọ̀tì náà títí mítà á fi ka 11.5.

Ẹ ó ní kí ló dé tí kì í ṣe 12. Ìdí nìyí: ní 11.5, milíámpù 20 á di bíi 17, ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀ tí ojú kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ooru rẹsísítọ̀ á já wálẹ̀ gan-an. Èmi ò kí ń ṣiṣẹ́ LED dé góńgó agbára rẹ̀. Mo máa ń mú wọn pọ̀, kí n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ díẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mélòó ni kó wá pọ̀ tó? Ẹ jẹ́ ká gbà pé omi yín ga ní sẹ̀ǹtímítà 40. 90 lọ́nà 40 lọ́nà 40, lítà 144 nìyẹn. Lúmẹ́nì ni wọ́n fi ń ka ìmọ́lẹ̀. Fún ewéko tí kò béèrè púpọ̀, nǹkan bíi lúmẹ́nì 20 sí lítà kan ti tó, ó di 2,880. Tẹ́ẹ̀pù tí ẹ ó rà ni irú tí wọ́n ń pè ní 2835, tí LED rẹ̀ jẹ́ 120 nínú mítà kan. Mítà kan ń jẹ wáàtì 9.6, tí ó bá sì jẹ́ ojúlówó, á fún yín ní nǹkan bíi lúmẹ́nì 900. Ìdì kan jẹ́ mítà 5. Ẹ gé e sí márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 85 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì àlùmọ́gàjí kékeré máa ń wà lára rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 síra, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ LED mẹ́ta á kú. Mítà 4.25 ni gbogbo rẹ̀, ìyókù ẹ fi pamọ́ fún àtúnṣe. Ní fóòtì 12, ìyẹn á kọjá lúmẹ́nì 3,800 díẹ̀. Ní 11.5 tí a dín in sí, á ṣì tó bíi 3,200. Ó ti ju ohun tí à ń wá lọ. Gbogbo ohun tó ń jẹ jẹ́ bíi wáàtì 33, àwọn bátìrì yín ò ní fura.

Àwọ̀ tí ẹ ó béèrè ni funfun 6500K, èyí tó dà bí ojú ọ̀sán. Bí òǹtajà bá ń fi aláwọ̀ oríṣiríṣi tó ní rìmóòtù hàn yín, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ kọjá. Ti ijó ọjọ́ ìbí nìyẹn.

Èyí tí wọ́n da róbà lé lórí náà ńkọ́? Ẹ má rà á. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé òun ló yẹ fún ibi tí omi wà, èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. LED funfun kò funfun látilẹ̀wá. Búlúù ni, wọ́n wá fi nǹkan aláwọ̀ ìyeyè bò ó, àdàpọ̀ méjèèjì ni ojú wa ń rí bíi funfun. (Búlúù yẹn gan-an ló fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2014. Pupa ti wà láti 1962, búlúù ló di ogun fún wọn.) Tí ooru bá wá mú róbà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n dà lé e, róbà yẹn á pọ́n, á sì máa gbé búlúù mì. Ìdí tí tiyín fi dà bí ìyeyè nìyẹn. Róbà náà kan náà ló tún ń di ooru mọ́nú. Tẹ́ẹ̀pù oníhòòhò ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bo ẹnu àpótí ẹja, kí iná wà lókè gíláàsì, omi àti ooru rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Fífọ́n omi kò ní dé ibẹ̀.

Pákó yẹn, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ gba Dei-Dei lọ, kò jìnnà sí yín, ibi tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù wà. Ẹ ní kí wọ́n gé páálí alumíníọ̀mù fún yín, gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 88, fífẹ̀ rẹ̀ 20, kí ó nípọn ní mìlímítà 2. Nínú àlòkù tí wọ́n ń kó jọ sí ìdí ògiri ni wọ́n ti máa rí i, torí náà ẹ nájà dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n tẹ etí gígùn rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó lè dá dúró lórí gíláàsì. Nílé, ẹ fi spírítì nù ún kí òróró ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá lẹ tẹ́ẹ̀pù márààrún sí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà-ìlà, sẹ̀ǹtímítà méjì síra. Àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn tẹ́ẹ̀pù kì í fara da ooru Abuja. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí orí àti ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi okùn róbà tí àwọn oníná fi ń di wáyà dè é mọ́lẹ̀.

Apá tó ń ṣe bàìbàì yẹn, ẹ̀bi ìsopọ̀ ni. Idẹ tó wà nínú tẹ́ẹ̀pù tinrín bí bébà. Tí ẹ bá so ìlà márùn-ún tẹ̀lé ara wọn bí ọkọ̀ ojú irin, iná á ti rẹ̀ kí ó tó dé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí wáyà nípọn méjì sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba iná tirẹ̀ láti ibẹ̀. Sódà, ìyẹn òjé tí a ń yọ́ láti fi lẹ wáyà, ni kí ẹ fi jó o. Kílíìpù oníke tí wọ́n ń tà fún ẹni tí kò lè jó sódà, ìpẹtà á wọ inú rẹ̀ láìpẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní Kubwa á bá yín jó ojú mẹ́wàá yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibi tí mo ti fara gbá nìyí, ẹ fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tèmi àkọ́kọ́ ní Gwarinpa, mo fi sílíkónì bo gbogbo ojú sódà kí omi má baà wọ̀ ọ́. Sílíkónì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí mo lẹ gíláàsì àpótí ni, mo rò pé ohun tó bá lè di omi lítà 200 mú, ó lè ṣọ́ wáyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, idẹ ti di aláwọ̀ ewé, ìlà méjì ti kú. Sílíkónì tí ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tí ó bá ń gbẹ, áásìdì ló ń tú jáde, áásìdì yẹn sì ń jẹ idẹ. Ó dára fún gíláàsì, májèlé ni fún wáyà. Ẹ lo róbà tí ń súnkì tí a bá fi iná kàn án. Òun náà ti tó.

Ẹni tí kò ní inverter lè lo àdápítọ̀ fóòtì 12, ámpù 5. Kí ó ṣáà gbé e jìnnà sí omi, kí ó sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó gòkè, kí omi tó bá ń ro tẹ̀lé wáyà lè kán sílẹ̀.

Ó ku táímà, ẹ̀rọ tó ń tan iná, tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ bí àsìkò bá tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ohun aláwọ̀ ewé yín wà. Algae ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ìmọ́lẹ̀ yín pọ̀ jù, àsìkò ló gùn jù. Àtàárọ̀ di ìgbà tí ẹ ń lọ sùn, ìyẹn á tó wákàtí 15. Ewéko kò lè lo gbogbo rẹ̀, algae ló ń jẹ àjẹkù. Wákàtí 7 ni mo fọwọ́ sí: agogo 2 ọ̀sán sí agogo 9 alẹ́, kí àwọn ọmọ lè bá a ní títàn nígbà tí wọ́n bá dé láti ilé ìwé. Ẹ má ra táímà tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. NEPA ló ń yí agogo inú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, ó dúró, tí wọ́n bá gbé e dé, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dúró. Tèmi sún títí ó fi di pé agogo 1 òru ni àpótí ẹja mi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo pálọ̀. Ìyàwó mi rò pé olè ló wọlé. Táímà onídíjítà ti fóòtì 12, tó ní bátìrì kékeré nínú, ni kí ẹ fi sáàárín step-down àti tẹ́ẹ̀pù.

Ewéko tó ń kú ńkọ́? Ẹ kò sọ irú èyí tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú oró bá wà lórí omi yín, ẹ ti rí apànìyàn. A máa ń fi í ṣàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àmín ni fún ènìyàn. Nínú àpótí ẹja, ohun tó bá lékè ti gba ìmọ́lẹ̀ tán, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Ẹ máa kó o kúrò títí kò fi ní ju ìdá mẹ́ta ojú omi lọ. Òṣíbàtà náà, ewé rẹ̀ tó bá ti ń gòkè, ẹ gé e nídìí, kí ó lè máa yọ ewé sísàlẹ̀. Nínú ohun tí ẹ ó rà, Anubias ló rọrùn jù. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, etí odò inú igbó gúúsù Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń rí i, kì í sì í béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ri ìdí rẹ̀ mọ́ yanrìn, ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kó ewéko láti odò, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì bá yín fọ̀ ọ́. Ìṣáwùrú kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé lè gbé àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, Nàìjíríà wa yìí sì ni ọ̀kan lára ibi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀. Omi náà sì ni ọ̀nà tó ń gbà wọ ara. Ti inú àpótí ọlọ́sìn ni kí ẹ rà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì ìdérí àti ojú tẹ́ẹ̀pù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ pa iná ná. Eruku oṣù kìn-ín-ní ní Abuja nìkan lè gbé ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ lọ, ti Kano tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sọ fún Táyé àti Kẹ́hìndé pé ẹja ń sùn. Kò ní ìpénpéjú ni, nítorí náà ojú rẹ̀ kì í pa dé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọjú wò ó lẹ́yìn tí iná ti kú, wọ́n á rí i tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, lẹ́bẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń mì díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n má ṣe tan iná àpótí lójijì láti wò ó o. Jìnnìjìnnì á mú un, á sì fi orí sọ gíláàsì. Kí wọ́n tan gílóòbù pálọ̀ ná, kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.